Fáòsíátù Tí Kò Lẹ́gbẹ́

Ẹrẹ̀ pupa ló wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà, ó sì tutù. Ẹni tó bá mọ Jídà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dọ́gba. Òjò kì í sábà rọ̀ níbẹ̀, iyanrìn wọn kò pọ́n, oòrùn ọ̀sán sì lè gbẹ itọ́ lẹ́nu èèyàn kó tó gbé e mì. Fáòsíátù rí ẹrẹ̀ náà, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbójú kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń dùn ún lọ́kàn lọ́jọ́ náà ju ẹrẹ̀ lọ.

Àlàájà Sherifat ló ń dùn ún. Ọkọ̀ òfuurufú kan náà ló gbé àwọn méjèèjì wá sí Hájì, àwọn méjèèjì ni wọn ò bá èrò padà sílé, tí wọ́n fara pamọ́ sí Tandabáwì ní Mẹ́kà láìní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, ìkòkò kan ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe: wọ́n á lọ ra góòlù ní ọjà Jídà, wọ́n á gbé e wọ ilé tí àwọn onírìnàjò Hájì láti Nàìjíríà dé sí. Owó epo ń ṣàn nígbà náà, nílé àti ní Sàúdí. Obìnrin tó bá ti Mẹ́kà dé láìní góòlù lọ́rùn, àwọn ará àdúgbò á bi í bóyá Ìlọrin ló lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Sherifat ló ń tà. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó lè pe ìyá arúgbó ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, kí ìyá náà sì ra ẹ̀gbà ọwọ́ lé ẹ̀gbà ọwọ́. Bí Fáòsíátù bá wá tú tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní, "A ti rà lọ́wọ́ Àlàájà yẹn." Ó ń dùn ún wọra. Èyí tó tún wá burú jù ni pé Sherifat ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun díje. Bó bá tà tán, á ra ẹran wálé, á ní, "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ọ̀rẹ́ mi. Jẹun." Ta ló máa jẹ irú ẹran yẹn tí kò ní há a lọ́nà ọ̀fun?

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Bí wọ́n bá ti pe ìrun ní Jídà, ọjà á pa lọ́lọ́ ni. Oníṣọ́ọ̀bù á fa aṣọ bo góòlù rẹ̀, á sì gba mọ́sálásí lọ. Sherifat lọ kírun. Fáòsíátù ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, kò lè kírun, ó bá jókòó ti báàgì àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀ yìí ti yọ sí i, òun nìkan ní gbogbo òpópónà, kò kírun, kò sì kánjú.

"O kú ìjókòó o," ó kí i ní Yorùbá, irú Yorùbá tí àwọn bàbá ńlá wa ń sọ. "Mo ní wúrà lọ́wọ́."

Wúrà! Ẹ̀rín fẹ́ pa Fáòsíátù. Ta ló tún ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọjà? Góòlù ni gbogbo ayé ń pè é. Àmọ́ nígbà tí ọkùnrin náà tú aṣọ tó fi dì í, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí, àní nínú ìsọ̀ àwọn Lárúbáwá tó lówó jù.

"Níbo lẹ ti rí i, bàbá?"

"Ìlú wa ni. Ìlú ńlá ni, wúrà la ń wà níbẹ̀. Kálukú ló ní ihò tirẹ̀. A kì í kí ara wa, a kì í jọ jẹun. Ẹni tó bá ní ẹlẹ́gbẹ́ níbẹ̀ kì í là." Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Àdúrà ni mo kàn fẹ́ ṣe fún ọ, kí ìwọ náà sì ṣe àmín."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Yorùbá wo lẹ máa ní ẹ fẹ́ ṣàdúrà fún tí kò ní tẹ́wọ́? Àmín tiwa kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Fáòsíátù tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹnikẹ́ni ò ní lè bá ọ díje."

"Àmín."

"Ọwọ́ rẹ nìkan ni wọn yóò ti máa rà."

"Àmín, àmín."

"Láti òní lọ, o ò ní lẹ́gbẹ́ mọ́."

"Àmín yà Ọlọ́hun!"

Ó gbọ́ ọ bí gbogbo wa ṣe máa gbọ́ ọ, pé òun yóò yọ láàárín àwọn tó kù. Ọkùnrin náà ò sì ṣàlàyé kankan. Ó gbé ìdì wúrà náà lé e lẹ́sẹ̀, ó sì yà sí kọ̀rọ̀.

Wọ́n kírun tán, ọjà tún kún. Sherifat ò dé. Fáòsíátù ń wo ojú gbogbo obìnrin tó ń ti mọ́sálásí bọ̀, títí tó fi bojú wolẹ̀ tó rí i pé báàgì kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ti Fáòsíátù fúnra rẹ̀ sì ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Sherifat ti yọ́ wá gbé tirẹ̀, àti pé àwọn ọlọ́pàá tó ń béèrè ìkámà ló mú un lọ́nà. Nígbà tí ọkọ̀ Mẹ́kà dé Báhrà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ ìwé èrò ọkọ̀ wò, ó fi ìbòrí bo ojú rẹ̀. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Àwọn onírìnàjò ti ń dé, òun nìkan ni yóò sì tà fún wọn.

Ní Tandabáwì, ẹní kan ló wà nílẹ̀ yàrá. Khadra, obìnrin Sòmálíà tó gbà wọ́n sílé, ń bu tíì lẹ́nu ọ̀nà.

"Khadra, Sherifat dà?" Fáòsíátù bi í ní èdè Lárúbáwá.

"Mìn Sherifat?" Khadra bi í padà. Ta ní ń jẹ́ Sherifat? "Ìwọ nìkan lò ń gbébẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbà ọ́, yà ummí."

Yà ummí, ìyá mi. Khadra sì rèé, ó dàgbà ju Fáòsíátù lọ, arábìnrin mi ló máa ń pè é tẹ́lẹ̀.

Ó sáré lọ bá Àlàájì Jùbrílù. Jùbrílù ló kó wọn wá sí Hájì, ó sì ti ń dọdẹ Sherifat kiri láti ìgbà náà, gbogbo Tandabáwì ló mọ̀. Jùbrílù tẹ̀ ba fún un, ohun tí kò ṣe rí.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan lobìnrin tó dúró lọ́dún yẹn. Èmi, tí mò ń wá ìyàwó? Ta ni mo rí?"

Hájì dé. Fáòsíátù tà, ó tà títí ó fi sú u. Kò sí obìnrin Yorùbá kankan mọ́ tó ń ta góòlù, kò sì sí ẹni tó rántí pé wọ́n ti wà rí. Wọn kì í ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tó bá pè ni wọ́n ń san, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á sì lọ. Ọjà tí wọn ò ná, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Ní Mínà, tí àgọ́ kún fọ́fọ́, ẹni tó bá jókòó tì í á dìde ní kíá, á ní òun ò lè bá ìyá jẹun nínú abọ́ kan. Kò sí ẹni tó ń bá a ṣàwàdà, kò sí ẹni tó ń bú u. Ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé. Ó ti ń pa á lówe láti kékeré, àìmọye ìgbà, kò sì yé e títí di ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn Hájì, ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀ náà jókòó sínú yàrá rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó wọlé.

"Ẹ dá a padà," Fáòsíátù sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Sherifat padà fún mi. Mi ò tà mọ́."

"Òun ni mo kọ́kọ́ bá. Lọ́jọ́ tó ṣáájú tìrẹ ni. Àdúrà kan náà ni mo ṣe fún un."

"Ó ṣe àmín?"

"Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó ní, 'Ẹgbẹ́ mi ńkọ́? Fáòsíátù ni ẹgbẹ́ mi.' Ó ní kí n gbé wúrà mi kúrò níwájú òun."

Fáòsíátù tẹrí ba. Omijé kàn ń dà lójú rẹ̀.

"Níbo ló wà?"

"Ìlú wa. Ihò tirẹ̀ ti jìn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí iṣẹ́. Ó máa ń pe orúkọ rẹ nígbà míì." Ọkùnrin náà tú aṣọ kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Wúrà tó wà jáde láàárọ̀ yìí rèé."

Àwọn kan ti ń kanlẹ̀kùn. "Ìyá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa o! Wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn tó ń tà!"

Fáòsíátù nawọ́ sí góòlù náà. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ èèyàn. Ó gbá a mọ́ àyà, ó sunkún títí kíkàn ilẹ̀kùn náà fi pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó gbé òṣùwọ̀n jáde, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn.