Irun Ìpéǹpéjú Briseida

"Briseida! Wọ awò ojú, kó o fi ìbòmú bo imú ẹ!" Eulogio, bàbá àgbà rẹ̀, pariwo láti orí pákó tó dùbúlẹ̀ lé kó má bàa tẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́lẹ̀.

"Rárá o, Bàbá. Àwọn èèyàn máa ya fọ́tò."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Briseida, kò sì sí ẹni tí kò mọ irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ìlú Antigua. Ó gùn débi pé àwọn ìyá arúgbó máa ń dá a dúró lójú ọ̀nà láti wò ó. Wọn kò mọ̀ pé ojú náà gan-an ń yún un, imú rẹ̀ sì ń ṣomi. Dókítà ti sọ fún un lóṣù tó kọjá pé ara rẹ̀ kò gba eruku, àti pé irú irun gígùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ní irú àìsàn yìí. Ó fún un ní oògùn ojú. Ẹ̀rù ba Briseida pé bí àìsàn bá lọ, irun á bá a lọ. Ló bá ti oògùn bọ inú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́.

Ọjọ́ Ẹtì Rere nìyí, wọ́n sì ń fi eruku pákó tí wọ́n pa láró tẹ́ ẹní aláràbarà sójú ọ̀nà, kí àwọn tó ru ère Jésù lè gba orí rẹ̀ kọjá. Àwòrán àdàbà funfun tó wà láàárín ẹní náà ni Bàbá fẹ́ràn jù. Ó ku kí wọ́n wọ́n omi sí i kó lè dì.

Briseida bẹ̀rẹ̀ láti wọ́n omi. Ó fi ọwọ́ eléruku ra ojú. Háṣììì! Ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Nígbà tó máa lajú, orí àdàbà ti fò lọ.

"Yéè! Arẹwà ti bẹ́ àdàbà lórí!" Maricela, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín.

Briseida bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ oògùn náà.

Bàbá dìde, ó gbọn eruku lára. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ. Ojú ẹ wú, ó dì pa, mi ò rí irun kankan níbẹ̀. Ṣé ọjọ́ yẹn ni mi ò fẹ́ràn ẹ? Lọ gbé oògùn ẹ wá, jàre."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló kán an sí i lójú. Briseida wọ awò, ó fi ìbòmú bo imú, òun àti Maricela sì tún orí àdàbà ṣe. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dì kí àwọn tó ru ère tó yọ.

Irun náà ṣì wà níbẹ̀ di òní, Briseida sì ń kán oògùn rẹ̀ lárààárọ̀. Ó ti wá mọ̀ pé àìsàn tí a bá fi pamọ́ nítorí ẹwà yóò tú ara rẹ̀ síta, àti pé àwọn tó fẹ́ràn wa ti fẹ́ràn wa kí ẹwà tó dé.