Kàyé Clémence

"Mẹ́sàn-án!"

Clémence sọ ọ́ sókè, ó sì fa ìlà mẹ́sàn-án sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ni rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Mọ̀nàmọ́ná ti gbé sínú agbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ariwo ta nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ní Kétu. Àwọn ọmọ kan fò sókè lórí bẹ́ǹṣì, ó kù díẹ̀ kí bẹ́ǹṣì dojú dé.

Ẹgbẹ́ méjìlá ló wá díje ní ọjọ́ Sátidé yẹn. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá láti Idigny, rọ́bọ́ọ̀tì wọn sì ń jẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Crépin ló ń wà á, Salma ni olórí ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ti Clémence ni kó jókòó, kó máa wo rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ẹlòmíràn, kó sì máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yẹn o. Nínú ìdíje náà, ẹgbẹ́ méjì ló máa ń jọ ṣeré pọ̀, àpapọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ń kọ sójú pátákó. Pátákó kì í sọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kàn ń yí kiri bí ewúrẹ́ tó ń wá ìyá rẹ̀. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjì tó bá wà lókè yóò yan ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n á jọ gba ìdíje àṣekágbá. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní olùwòran tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí afọ́jú ni yóò ṣe yan ẹnìkejì.

"Ìwọ ni ojú wa, Clémence," ni olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Barnabé, wí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ojú kọ́ ló wù ú láti jẹ́. Ọwọ́ ló wù ú. Ó wù ú kí mànẹ́tì, ohun tí Crépin fi ń darí Ọ̀kẹ́rẹ́, wà ní ọwọ́ òun, kí gbogbo ènìyàn máa wo òun. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn gan-an. Ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti lọ máa ránṣọ ní Kútọnu. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì padà wá sí Idigny láti ìgbà náà, ọjọ́ méjì ló sì lò. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Ẹgbẹ́ méjì tó bá jọ gba ipò kìíní ní Kétu ló máa lọ díje ní Kútọnu fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí Clémence sọ fún un, ìyá rẹ̀ pariwo pé, "Àbẹ̀bí mi! Bí ẹ bá lè débí, màá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, màá wá jókòó níwájú. Ìwọ lò ń wà á, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èmi ni."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, irọ́ kékeré yẹn jókòó sí i láyà bí egungun ẹja ṣe ń há ọ̀fun. Ìgbàkigbà tó bá rántí ohùn ìyá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fà sí Kútọnu, egungun náà á sì gún un.

Bàbá ìyá rẹ̀, Bàbá Ògúndìran, ló kọ́ ọ bí yóò ṣe pín kàyé náà. Nígbà tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún un nílé, ńṣe ni bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣebí àáró náà nìyẹn! Àwa náà kì í ṣàdédé yan ẹni tí a jọ ń roko ara wa. Nígbà èwe mi, ọkùnrin kan wà. Tó bá di àárọ̀, kí ẹ tó mu omi, ó ti kọ ogún ebè. Ẹnu yóò yà yín. Tó bá di ọ̀sán, abẹ́ igi lẹ ó ti máa wá a. Clémence, ẹni tí a óò bá ṣe àáró, ebè ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ là ń wò, a kì í wo ti àárọ̀."

Ìdí nìyẹn tó fi fa ìlà gbọọrọ sí àárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó kọ "Àárọ̀" sí apá kan, ó kọ "Ọ̀sán" sí èkejì.

Apá àárọ̀ kún dáadáa. Mọ̀nàmọ́ná gbé mẹ́sàn-án, ó gbé mẹ́wàá, ó tún gbé mẹ́sàn-án. Ìgbín, rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ọmọ Kpankou, gbé márùn-ún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Páànù garawa òróró ni wọ́n fi ṣe ara Ìgbín, wọ́n sì gé sálúbàtà àtijọ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ síbi tí kò wù ú. Àwọn ènìyàn ń fi í rẹ́rìn-ín, Clémence náà sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ku ìdíje méjì méjì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kọ́kọ́ gba tirẹ̀ méjèèjì tán, ipò kejì ló sì wà. Ibi tí Clémence ti ń pọ́n ẹnu lẹ́ẹ̀dì ni Crépin àti Élodie ti dé bá a. Élodie ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ya fọ́tò fún ẹgbẹ́.

"Clémence, dìde," ni Crépin wí. "Ibi ìdánrawò ṣófo. Wá wa Ọ̀kẹ́rẹ́ díẹ̀, kí Élodie fi tẹlifóònù yà ọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ."

Ẹ wò ó, Crépin kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Àánú rẹ̀ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Mọ̀nàmọ́ná àti Ìgbín kò tíì gba ìdíje ọ̀sán kankan, Clémence sì mọ̀.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó pa kàyé dé.

Háà, ẹ̀yin ọmọ, adùn ni! Ó tẹ bọ́tìnnì, Ọ̀kẹ́rẹ́ yí sí ọ̀tún. Ó tún tẹ̀ ẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé bọ́ọ̀lù, ó jù ú sínú agbọ̀n. Élodie ya fídíò, wọ́n fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí ohùn ìyá rẹ̀ fi wọlé sórí tẹlifóònù, "Àbẹ̀bí mi! Ọmọ tèmi rèé! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni mo ti fi hàn!" Clémence gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e mọ́ etí ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Nígbà tó padà sórí bẹ́ǹṣì, àwọn ìdíje ọ̀sán ti parí.

Apá ọ̀sán nínú kàyé funfun báláú.

Kí ni ì bá ṣe? Ì bá lọ bá Salma, kó ní, "Mi ò wò ó." Gbólóhùn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbé e. Ó wo apá àárọ̀, ó ní ẹni tó gbé mẹ́sàn-án láàárọ̀, kí ni yóò dá a dúró lọ́sàn-án? Ó kọ mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá fún Mọ̀nàmọ́ná. Ó kọ márùn-ún àti márùn-ún fún Ìgbín.

Wọ́n pe àwọn olórí ẹgbẹ́ jáde láti yan ẹnìkejì. Fabiola, olórí ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kìíní, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "A yan Ìgbín," ló wí.

Ìgbín kẹ̀? Salma sáré padà wá bá Clémence.

"Kí ló dé tí wọ́n fi Mọ̀nàmọ́ná sílẹ̀? Ṣé kàyé rẹ dá ọ lójú?"

Ó ṣì lè sọ ọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ń wo ẹnu rẹ̀, olùkọ́ náà ń wò ó. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó fi fídíò han gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Ó dá mi lójú," ló dáhùn.

"A yan Mọ̀nàmọ́ná!" ni Salma kéde.

Ìdíje àṣekágbá bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kìíní, bọ́ọ̀lù márùn-ún ni Mọ̀nàmọ́ná gbé, àwọn ọmọ Idigny ti ń jó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó gbé ẹyọ kan sí i, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró gbagidi sí àárín pápá. Rodolphe, ọmọ tó ń wà á, ń tẹ bọ́tìnnì títí, kò mira. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sá sókè sá sódò ní òun nìkan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Ìgbín ń wọ́ bọ̀, ó ń wọ́ lọ, kò yára, kò sì dúró. Nígbà tí fèrè dún, àwọn Fabiola ní mẹ́tàdínlógún, tiwọn jẹ́ mẹ́rìnlá.

Crépin fi mànẹ́tì sílẹ̀, ó bo ojú. Rodolphe wá bá wọn, ojú ń tì í.

"Ẹ má bínú. Láti ọ̀sán ni batérì wa ti ń kú. Ẹyọ mẹ́ta la gbé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì a ò gbé nǹkan kan. A fi iná sí i díẹ̀ ṣáájú àṣekágbá, kò tó. Nígbà tí ẹ yàn wá, ẹnu yà wá. A rò pé ẹ ti rí i, ẹ sì ní batérì tí ẹ máa yá wa."

Salma gba kàyé, ó ṣí i sí apá ọ̀sán, ó ka mẹ́sàn-án, ó ka mẹ́wàá. Ó gbójú sókè.

"Mi ò wò ó," ni Clémence wí. Ó ti wá rọrùn láti sọ nísinsìnyí tí kò wúlò mọ́. "Mo lọ wa Ọ̀kẹ́rẹ́. Mo fẹ́ kí màmá mi rí mi. Ńṣe ni mo finú rò ó, mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"A ní batérì kan nínú àpò," ni Salma wí. "Ká ní o sọ fún wa, à bá ti yá wọn." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ.

Ìyẹn dùn ún ju kí wọ́n nà án lọ. Ọ̀gbẹ́ni Barnabé fún un ní kàyé rẹ̀ àti bírò. Kò bú u.

"Fa igi lé irọ́ inú rẹ̀ lórí," ló wí. "Kọ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà ló máa mú un lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá gbà."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Clémence jókòó sí ẹ̀yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ó pe ìyá rẹ̀. Kò jẹ́ kó kí òun tán.

"Màmá, èmi kọ́ ni mò ń wà á. N kò wà á rí àfi lónìí. A ò borí. A ò níí wá sí Kútọnu, èmi ni mo sì fà á." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Clémence ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ kan ń dún lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Àbẹ̀bí, ta ló sọ fún ọ pé awakọ̀ ni mo fẹ́ wò? Ìwọ ni mo fẹ́ wò. Kí ni iṣẹ́ tìrẹ gan-an?"

"Mo máa ń wo àwọn tó kù ni, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ó dáa. Ka ohun tí o kọ fún mi."

Clémence nu imú, ó ṣí kàyé. Ó ka apá àárọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn, ìyá rẹ̀ sì ń dáhùn, "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n." Ó dé apá ọ̀sán, níbi tó ti fa igi lé gbogbo irọ́, tó sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

"Ọ̀sán," ló kà. "N kò sí níbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ fèsì.

"Èmi náà, Àbẹ̀bí. Ọdún mẹ́ta. Èmi náà kò sí níbẹ̀."

Kò sí èyí tó pa tẹlifóònù nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í fà sí nǹkan, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹgbẹ́ bá fi ṣe ojú kò gbọdọ̀ fi àárọ̀ kọ ọ̀sán. Ibi tí o kò bá wò, sọ pé o kò wò ó, kí ó tó pẹ́ jù. Batérì wà nínú àpò nígbà náà.