Ohun Tí Adébíyìí Jókòó Lé

Ìwọ tí o mú ìwé pélébé yìí lọ́wọ́, má tíì jù ú nù. Mo mọ̀ pé o ti ń rò ó pé kí ni àwọn wọ̀nyí tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. A ò fẹ́ gba nǹkan kan. Jókòó díẹ̀ kí n sọ ti Adébíyìí fún ọ, nítorí òun náà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn láìkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Rumuola ni ó ń gbé, ní Port Harcourt, ní ọdún 1970. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Ẹni tó sá lọ ń padà dé, ẹni tí kò sá sì ń wò ó tọwọ́ tẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó fọkàn tán ẹnì kejì.

Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ mọ́ ogun. Adébíyìí ti ń fura kí ìbọn tó dún rárá. Bí o bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, yóò dáhùn, yóò sì máa rò ó títí di ọ̀sán pé kí ló dé tí o fi kí òun. Bí àwọn aládùúgbò bá ń rẹ́rìn-ín, òun ni wọ́n ń rín. Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kì í bi í pé níbo ló ń lọ, torí bó bá bi í, òun náà yóò bi í padà pé ta ló rán an.

Ó pẹ́ tó ti ń wakọ̀ fún ẹlòmíràn. Ọdún náà ni ó wá ra tirẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù Bedford àgbàlagbà kan, ó sì búra pé òun ò tún ní jókòó sídìí ọkọ̀ olówó kankan mọ́ láéláé. Bí ọkọ̀ náà bá dúró, oúnjẹ ilé rẹ̀ dúró nìyẹn, á sì padà lọ máa pe ẹlòmíràn ní ọ̀gá. Kò gba ọmọ ọkọ̀. Ó ní olè ni gbogbo wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ́ sílẹ̀ fi igi wẹ́ẹ̀jì há táyà. Ó so oǹdè kan mọ́ abẹ́ sítíárìn, èyí tí wọ́n sọ fún un pé yóò máa fi ojú ọ̀tá hàn án. Ojú gbogbo ènìyàn ni oǹdè náà ń fi hàn án.

Ohun tí kò mọ̀ nígbà tó ń wakọ̀ olówó ni wàhálà ìwé. Nígbà náà, ọ̀gá ló ń wá ìwé, tirẹ̀ ni kó wakọ̀. Nísinsìnyí òun ni ọ̀gá, òun náà ni dírẹ́bà. Kò sí ibi tí ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá gbé igi dí ọ̀nà tí wọn kì í béèrè patikúlà, ìyẹn gbogbo ìwé ọkọ̀ pátá. Ó wá láísẹ́nsì, ó rí i. Ó wá ìńṣọ́ránsì, ó rí i, ó sì kà á ní àkàtúnkà, ó ń wá ibi tí wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo: ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú ọ̀nà. Wọ́n sì ti kéde pé láti ìparí oṣù, ọkọ̀ akẹ́rù tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ jáde nílé.

Ọ̀gbẹ́ni Dagogo, ọmọ Kalabari, ni ó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ó wọ abẹ́ Bedford náà lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde tòun ti òróró bíréèkì lọ́wọ́.

“Oga, this your brake no good,” ni ó wí, ó ń nu ọwọ́. “Go do wetin you suppose do, then come back.”

Adébíyìí gbọ́ pidgin dáadáa. Ó túmọ̀ rẹ̀ nínú ara rẹ̀: lọ ṣe ohun tó yẹ. Dírẹ́bà wo ni kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bẹ́ẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tó padà, bíréèkì wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n àkùkọ adìẹ méjì wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú ìgò ọtí òyìnbó kan. Dagogo wo àwọn àkùkọ, ó wo ẹni tó kó wọn wá. Ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó jáde, ó nu ọwọ́.

“I say go do wetin you suppose do.”

Adébíyìí rò pé ó kéré ni. Ó lọ fi ewúrẹ́ kan kún un. Lọ́tẹ̀ yìí ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Ó ní kó kó ẹran ọ̀sìn rẹ̀ kúrò níwájú ọ́fíìsì òun.

Adébíyìí kò rí ẹni tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ rí, kò sì gbà pé irú rẹ̀ wà. Ó dá a lójú pé ẹnì kan ti gba ẹ̀yìn lọ bá ọkùnrin yìí. Ta wá ni?

Ní ọjọ́ Ìsinmi ó rò pé òun rí ìdáhùn. Ó ń wakọ̀ kọjá ní Rumuibekwe, ó sì rí Dagogo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan, òun àti Adéyanjú, aládùúgbò Adébíyìí, wọ́n forí korí. Adéyanjú ń fi ìka ṣàpèjúwe nǹkan róbótó kan, Dagogo sì ń mi orí. Nígbà tí Adéyanjú rí ọkọ̀ rẹ̀, ó juwọ́ sí i.

“Ó tún ń juwọ́,” ni Adébíyìí wí fún ara rẹ̀.

Adéyanjú yìí dàgbà jù ú lọ, ó sì ń wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan. Òun ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ Jésù, láìbínú, láìṣe àṣejù. Ó pẹ́ tí Adébíyìí ti pinnu pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ Jésù tó báyìí, nǹkan kan ló ń wá. Nísinsìnyí ó ti mọ nǹkan náà. Iṣẹ́ kíkó ẹja tí òun ń ṣe létí omi, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Okrika ti ń já ẹrù, ni ó fẹ́ gbà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Adéyanjú kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀. Ó mú ẹrù kékeré kan lọ́wọ́, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n fi okùn so ó.

“Bàbá Rẹ̀mí, gbà. Róbà bíréèkì ni, èyí tí yóò dí òróró tó ń jò. Àbúrò mi ló bá mi wá a ní Èkó.”

“Èló ni, ẹ̀gbọ́n?”

“N ò tà á.”

“Kí lẹ wá fẹ́ gbà?”

“Kò sí. Ọkọ̀ rẹ ló nílò rẹ̀. Tú u, kí o gbé e fún mẹkáníìkì rẹ lónìí.”

Ká ní Adéyanjú dá owó lé e ni, Adébíyìí ìbá rà á. Àmọ́ ọ̀fẹ́! Ní àkókò tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó, ta ló ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́? Ó yí ẹrù náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó gbóòórùn rẹ̀.

Àtinúkẹ́ yọjú láti inú yàrá. “Ẹ kúkú tú u,” ni ó wí.

“Kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ráyè wọlé, àbí? Ta ló pè ọ́ sí i?”

Kò tú u. Kò sì jù ú nù, nítorí ó ní bí ohun kan bá ṣe òun, kí wọ́n lè rí ẹ̀rí mú. Ó gbé e sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi àpò sìmẹ́ńtì bò ó, ó sì jókòó lé e.

Ìwé ẹ̀rí náà, ó rí i ṣá. Ọkùnrin kan tí kò sọ orúkọ bá a wá a, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Adébíyìí fura sí ìyẹn pàápàá. Ó gbé ìwé náà sójú oòrùn, ó wo òǹtẹ̀ rẹ̀ níwá lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo tí kò fura sí ní gbogbo Port Harcourt ni bíréèkì ọkọ̀ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ṣọ́jà kan dá a dúró. “Particulars!” Adébíyìí kó gbogbo rẹ̀ jáde, ọkùnrin náà sì ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. “E correct. Pass.” Adébíyìí fi Dagogo rẹ́rìn-ín, ó fi Adéyanjú rẹ́rìn-ín, ó sì kọrin títí ó fi dé etí omi.

Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sínú omi. Ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé ìsàlẹ̀, kò bá nǹkan kan pàdé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ fèrè, àwọn obìnrin sì ń sá, àfi ẹnì kan. Ibiere tó ń ta ẹja ti kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń to ẹja sínú agbọ̀n, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó ń dún níwájú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbọ́ fèrè.

Ìwé tó ní ọkọ̀ náà yẹ wà nínú àpò àyà Adébíyìí. Ìdàgẹ̀rẹ́ etí omi kò mọ ìwé kà. Oǹdè ń mì lábẹ́ sítíárìn. Kò sí ọmọ ọkọ̀ tí yóò bẹ́ sílẹ̀ fi wẹ́ẹ̀jì há táyà. Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe kékeré. Ó rí i pé òun fẹ́ pa ènìyàn, kò sì sí ẹni tí òun lè dá lẹ́bi.

“Jésù ti Adéyanjú, gbà mí.” Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó fi gbogbo agbára yí sítíárìn. Ọkọ̀ náà lọ kọlu àwọn àpò yẹ̀rìpẹ̀ tí àwọn ṣọ́jà tò síbẹ̀ nígbà ogun, ó sì dúró. Táyà ti tẹ agbọ̀n Ibiere fọ́. Ibiere fúnra rẹ̀ dìde nínú yẹ̀rìpẹ̀, kò ní ojú ọgbẹ́ kankan.

Ìjókòó ti ṣí, ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹrù kékeré náà sì ti jábọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìwé ìròyìn ti ya, róbà dúdú róbótó róbótó sì tú jáde. Ibiere mú ọ̀kan.

“Wetin be this?”

Adébíyìí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. “Na brake rubber.”

Obìnrin náà wo róbà, ó wo ọkọ̀, ó wo agbọ̀n rẹ̀. “So brake dey inside your motor, you no put am?”

Kò pariwo mọ́ ọn. Ìbá sàn kó pariwo. Adébíyìí jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì sunkún níwájú gbogbo ènìyàn, òun tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú òun.

Nírọ̀lẹ́ ó kó àwọn róbà náà lọ bá Adéyanjú.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń bá Dagogo sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn?”

“Ó sọ fún mi pé bíréèkì rẹ ò dára, mo sì ń bi í bí róbà ọkọ̀ rẹ ṣe tóbi tó, kí àbúrò mi má baà ra èyí tí kò bá a mu.”

“Kí ló dé tí ẹ ṣe é? Mi ò ṣe yín lóore rí.”

“Lóòótọ́, o ò ṣe é rí.” Adéyanjú rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Èmi náà ò ṣe Jésù lóore rí, Ó sì kú fún mi. Ó pẹ́ tí mo fi ń wá ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi kí n tó gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Ọkàn mi tó ti bàjẹ́ nìkan ló ní kí n gbé wá.”

“Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀?”

“Kò sí.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?”

“Bàbá Rẹ̀mí, ó dá mi lójú.”

Adébíyìí kúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, “Olúwa, ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn ni mo ti ń wá ibi, inú mi ló wà. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo gba ohun tí O fún mi.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́run sì gbọ́ ọ.

Ó tú oǹdè kúrò nínú ọkọ̀. Ó ra agbọ̀n àti ẹja mìíràn fún Ibiere. Ó mú ìwé èké náà lọ fún Dagogo, ó jẹ́wọ́, ó sì gba ìyà tí òfin là sílẹ̀. Bedford náà dúró sílé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mẹkáníìkì wọ róbà sí i, Dagogo sì tún wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

“You don do am,” ni ó wí, ó sì fọwọ́ sí ìwé.

“No be me,” ni Adébíyìí dáhùn. “Na another person do am for me.”

Ìwọ ńkọ́? O lè má ní ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n a óò dá ọ dúró lọ́jọ́ kan, a óò sì béèrè ìwé rẹ. Èyí tí o fi ń kọjá lójú ènìyàn kò ní wúlò níbẹ̀. Oyè tí wọ́n fi ọ́ jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọrẹ tí o dá, àánú tí o ṣe kí wọ́n lè rí ọ, àkùkọ àti ewúrẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí yóò yẹ̀ ọ́ wò á wọ abẹ́ lọ.

Ọlọ́run ti sọ fún ọ tipẹ́ pé ọkàn rẹ kò dára, o sì rò pé nǹkan ló fẹ́ gbà. Nǹkan ló fẹ́ fún ọ. Jésù Kristi ti ṣe ohun tó yẹ lórí àgbélébùú, kò sì dá owó lé e.

Bóyá ìyá rẹ ti bá ọ sọ ọ́ rí, tàbí ọ̀rẹ́ kan tí o rò pé ó ń wá nǹkan. Bóyá o ń fura sí ẹni tó fún ọ ní ìwé yìí gan-an. O gbọ́, o gbé e sí abẹ́ ìjókòó, o sì ń wakọ̀ lọ. Ìdàgẹ̀rẹ́ wà níwájú, o ò sì mọ bó ṣe súnmọ́ tó. Má dúró di ọ̀la. Dìde kúrò lórí rẹ̀ lónìí, kí o tú u.