Àmì Tí Mo Yọ

Níbi ìpàdé àwọn olùtọ́jú ìwé àtijọ́ láti ìlú márùn-ún ni mo ti kọ́kọ́ rí obìnrin náà. Ó nawọ́ sókè kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Àbá mi kò le. Kí ìlú márààrún da àkójọ ìwé wọn pọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó wà níbí lè rí lẹ́tà tó wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n oníkálukú ló ní bó ṣe ń kọ̀wé. Mo ní kí ẹ̀rọ máa yọ àmì orí ọ̀rọ̀ dànù, kó sì sọ fáwẹ́lì méjì tó tẹ̀ léra di ẹyọ kan, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Mo kórìíra ìfiṣòfò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko àti ọkọ tó wà nílé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú yín?"

"Ẹni tó bá ń wá ọkọ yóò mọ èyí tó ń wá."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. A dìbò, òun nìkan ló ta kò mí.

"Ẹgbẹ́ ti pinnu, n ó tẹ̀ lé e," ó ní bí a ṣe ń jáde. "Ṣùgbọ́n ẹ ó rántí mi."

Ọ̀gbẹ́ni Aláìlámì ló sọ mí. Èmi náà sọ ọ́ ní Ìyá Àmì. Orí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, tó ń yọ àmì ọ̀rọ̀ tiwa náà, la ti ń ránṣẹ́ síra wa, nípa ìwé tí ikán jẹ, lẹ́yìn náà nípa ara wa. Kí ọdún tó yí po, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí légungun.

Bàbá rẹ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé. Nígbà tí mo lọ tọrọ ọmọ rẹ̀ láti fẹ́, ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ìwọ lo ń já àmì lórí ọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ni o kò wá ní já lórí ọmọ mi?"

Ó ní òun yóò rò ó. Oṣù mẹ́ta kọjá, ó ṣì ń rò ó. Ìgbà náà ni wọ́n fún mi níṣẹ́ ọdún mẹ́rin lókè òkun. Mo kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀: "Ààyò mi, bi Bàbá. Bí wọ́n bá gbà, n kò lọ mọ́. Bí wọn kò bá gbà, n ó lọ. Má fi ọ̀rọ̀ ṣòfò."

Lọ́jọ́bọ̀, èsì dé: "Baba ti soro. Ma lo."

Mo kà á sí "máa lọ". Ohùn bàbá rẹ̀ gan-an ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n n kì í bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fèsì: "Mo ti gbo. O se." Lọ́jọ́ Àìkú mo wọ bàálù, mo sì pa nọ́ńbà mi tì.

Nígbà tí mo padà, ẹgbẹ́ ti di ìlú mẹ́tàlá. Wọ́n ti dìbò pé kí àmì padà. Ẹ̀rọ kò sọ ohunkóhun nù rárá. Gbogbo ohun tí kálukú tẹ̀ ló tọ́jú pamọ́ sábẹ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Mo ṣí èsì Ọjọ́bọ̀ yẹn.

"Bàbá ti sọ̀rọ̀. Má lọ."

Àmì náà kò ju ẹsẹ̀ eèrà lọ.

Mo bá a ní yàrá ìpàdé ọjọ́ kìíní, ó ń gbọn eruku kúrò lára lẹ́tà kan. Òrùka hàn lábẹ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"O ti rí i," ó ní.

"Òní ni mo rí i."

"O ní o ti gbọ́. Bàbá wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ Àìkú náà, wọ́n jókòó síta, wọ́n ń retí rẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò dárúkọ rẹ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi pè ọ́ ní òpùrọ́."

"Ààyò mi..."

Ó nawọ́ sókè, bó ṣe nà án lọ́jọ́ kìíní.

"Ọkọ mi ń bọ̀ wá mú mi láago mẹ́rin. Èyí tó wà nílé, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń roko."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì. Ó yíjú padà sí lẹ́tà rẹ̀.

"Máa lọ," ó ní, jẹ́jẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí bí mo ṣe lè ṣì í gbọ́.