Àkọ́kọ́ Nínú Kí Ni?

"Yunifásítì ìlú wa ni àkọ́kọ́!"

Bí Agbẹjọ́rò ṣe sọ ọ́ báyìí, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa mì tìtì. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń lu àga, àwọn tó wà níwájú ń pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó rí màlúù tó ń gun igi. Ohun tá a jọ múra sílẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Agbẹjọ́rò kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ o. Àwa ọmọ kíláàsì la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí olùkọ́ bá ní òjò ń rọ̀, ọmọbìnrin yìí á béèrè ẹ̀rí. Àmọ́ lọ́jọ́ àríyànjiyàn yìí, ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún un. Kókó tí wọ́n gbé fún wa ni pé, "Yunifásítì ìjọba tó wà nílùú wa kò gbẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀." Àwa la ó gbè é lẹ́yìn, àwọn ọmọ kíláàsì tó kọjú sí tiwa ni yóò ta kò ó. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀gbọ́n Agbẹjọ́rò ti ń kàwé, ó ti wà lọ́dún kẹta.

Orí ẹ̀gbọ́n yìí ni gbogbo wàhálà náà dá lé. Yunifásítì Ńlá tó wà ní olú ìlú ló kọ́kọ́ fẹ́ lọ, wọn ò gbà á. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ráyè wọ ibẹ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀yìnkùlé" ni wọ́n ń pe tirẹ̀, torí pé ilé ìyá rẹ̀ ló ti ń lọ. Ó ti wá sú u. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló sọ fún ìyá wọn pé òun máa fi ibẹ̀ sílẹ̀, òun á tún ìdánwò àṣewọlé ṣe, òun á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá wọn sunkún títí. Agbẹjọ́rò ní, "Màámi, ẹ nujú yín. Ẹ jẹ́ kó wá gbọ́ mi lọ́jọ́ àríyànjiyàn. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, kò ní lè lọ mọ́." Ẹ̀gbọ́n náà sì wá lóòótọ́, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ "àkọ́kọ́" yẹn ló kó bá wa. Ohun tá a kọ sílẹ̀ ni pé yunifásítì wa ni àkọ́kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin alátakò tó ṣáájú wa sọ̀rọ̀ ti gbá wa lójú. Ó ní, "Ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ àti ewúrẹ́ ló jọ ń wọlé!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n dorí kodò. Mo rí i tí ojú Agbẹjọ́rò yí padà. Ló bá sọ ìdajì gbólóhùn wa, ó gbé ìyókù mì.

Adájọ́ wa jẹ́ obìnrin kan, olùkọ́ àgbà ní yunifásítì yẹn gan-an. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, àkọ́kọ́ nínú kí ni?"

Ẹ wò ó, ọ̀nà àbáyọ rèé. Bó bá ti lè sọ pé "nínú ọjọ́ orí," ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, mo tún un fà. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ yẹn ti kó sí i lórí.

"Nínú ẹ̀kọ́ ni, mà! Nínú gbogbo yunifásítì ìjọba, àwa la gba ipò kìn-ín-ní. Ìwé ìròyìn gbé e."

Yéè! Mo bojú.

"Ìwé ìròyìn wo?" Adájọ́ ò tiẹ̀ pariwo. "Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ìdíwọ̀n tó jáde kẹ́yìn, ipò keje la wà láàárín ẹgbẹ́ wa. Kò sẹ́ni tó fún wa ní ipò kìn-ín-ní rí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Agbẹjọ́rò ò tiẹ̀ tíì dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rín bú gbàù. "Àkọ́kọ́! Àkọ́kọ́!" Ẹnì kan nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: "Ọ̀gbẹ́ni Àkọ́kọ́, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹ̀gbọ́n dìde, ó jáde.

Wọ́n fún wa ní ìsinmi díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Agbẹjọ́rò sáré jáde, mo tẹ̀lé e. A bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Torí yín ni mo ṣe sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ìwọ tó o fẹ́ràn mi tó báyìí, irọ́ lo rí sọ. Ṣé kò wá sí òótọ́ kan tó dáa nípa ibi tí mo ti ń kàwé ni?"

Omijé ń bọ́ lójú Agbẹjọ́rò pòròpòrò. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé èmi ni mo la ẹnu.

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún wa. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Ó kọ́kọ́ wò mí bíi pé mo bú u. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ẹ̀rọ omi. "Omi lèmi ń kọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bu omi ẹ̀rọ yìí lọ yẹ̀ wò, ẹ ò ní kàn gbé ìgò sí i. Ẹ ó kọ́kọ́ nu ẹnu ẹ̀rọ náà, ẹ ó jẹ́ kí omi ṣàn dáadáa, ọwọ́ yín ò sì gbọ́dọ̀ kan inú ìdérí ìgò." Ojú rẹ̀ ti ń tàn bó ṣe ń sọ ọ́. "Lọ́dún tó kọjá tí àwọn ọmọdé ń yàgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn ọjà, àwa àti olùkọ́ wa la wá kànga tó fà á rí. Yunifásítì Ńlá pàápàá ń rán akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ èyí fún mi látọjọ́ yìí?" Agbẹjọ́rò ló bi í.

"O ò bi mí. Ipò ni gbogbo wa ń wá kiri."

Agogo lù. Agbẹjọ́rò padà síwájú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ "Àkọ́kọ́! Àkọ́kọ́!" Ó dúró títí wọ́n fi pariwo tán.

"Irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Ọjọ́ orí la fi jẹ́ àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀kọ́, ìkeje ni wá. Àwọn mẹ́fà tó ṣíwájú wa, ilé ìkàwé wọn dáa ju tiwa lọ, olùkọ́ wọn sì pọ̀ ju tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti yàtọ̀. Ló bá rojọ́ ìgò àti kànga fún wọn, kò fi kún un, kò sì yọ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

A pàdánù o. Adájọ́ yọ máàkì wa nítorí irọ́ náà, àwọn tó ta kò wá ló gbé ife ẹ̀yẹ lọ. Olùkọ́ wa ò bá wa sọ̀rọ̀ títí ilé ẹ̀kọ́ fi parí. Ká sòótọ́, ó tọ́ sí wa.

Bí àwa mẹ́ta ṣe ń lọ sílé, ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ kígbe pe ẹ̀gbọ́n, "Ọ̀gbẹ́ni Àkọ́kọ́!" Agbẹjọ́rò ti fẹ́ fèsì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Ìkeje ni wá o!" Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Bu omi ilé yín wá kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ajé!"

Agbẹjọ́rò dúró gbagidi. "Ọjọ́ Ajé? Ṣé ẹ ò lọ mọ́?"

"Ta ló ń lọ?"

Ọmọ yìí fò mọ́ ọn lọ́rùn láàárín títì, ojú tì mí fún wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ká tó fi ilé ẹ̀kọ́ kan wé ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wádìí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, torí ipò nìkan ò lè sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá sì ń fi irọ́ gbé èèyàn rẹ̀ ga, ṣe ló ń sọ fáráyé pé òótọ́ onítọ̀hún ò tó nǹkan.