Ẹnu Tó Há

Ológbò náà fò, ó gba inú ògiri kọjá, ó sì kọrí sójú ọ̀run láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Àwọn méjì tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé rẹ́rìn-ín títí tíṣà kọ̀ǹpútà fi yọjú wá wò ó bóyá orí wọn ṣì pé.

Ọmọbìnrin tó ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ni Atawẹ́wẹ́. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ nínú gúrúùpù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, orúkọ ọ̀hún sì ti tẹ̀ lé e dé kíláàsì. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í ni Ayàwòrán. Òun ló ya ológbò inú géèmù wọn, òun ló ya òrùlé, òun náà ló ya eku tó ń fi ìdí ṣe yẹ̀yẹ́ ológbò. Ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ò yá, nítorí akólòlò ni. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ṣàwàdà pé bóun bá ń rán èèyàn níṣẹ́, onítọ̀hún á ti jẹ́ ẹ dé kóun tó sọ ọ́ tán.

Ìdíje géèmù ilé-ìwé wọn ń bọ̀. Ẹni méjì méjì ni yóò gbé iṣẹ́ wọn wá sí gbọ̀ngàn, ọ̀kan nínú wọn yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ilé-ìwé. Ayàwòrán ti fárígá pé òun lòun máa sọ̀rọ̀. Láti kékeré, kò tíì lanu níwájú èrò rí. Ó ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan nílé ìwòsàn, tó ń kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń mí kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Fóònù Atawẹ́wẹ́ ló fi ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ bó bá ń dánra wò, torí tirẹ̀ ti fọ́.

"Ìwọ nìkan ni kó o gbọ́ ọ o," ló sọ. "B-b-bí mo bá sáré jù, kó o sọ fún mi."

Inú gúrúùpù yẹn ni Atawẹ́wẹ́ ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù ló kún ibẹ̀, ẹnìkan ò mọ ojú ẹnì kejì. Wọ́n kọ́ ọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta padà lára ògiri, bí ọ̀tá ṣe ń kú, àti bí ọ̀tá ṣe ń jí padà láìtíì gbọ́ ẹkún. Ọ̀gá Pátápátá lolórí wọn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ géèmù tó bá ti yìn, gbogbo wọn á rọ́ lọ gbá a. Atawẹ́wẹ́ máa ń kí i bí ẹni kí bàbá àgbà: ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú làákàyè sà.

Ó gbé ológbò wọn lọ fún un. Ọ̀gá Pátápátá wò ó, ó kọ ọ́ pé: "Oorun ń kùn mí. Ṣe èyí tó ń géni jẹ." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Atawẹ́wẹ́ léegun. Ó ń wá ohun tó lè géni jẹ kiri orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ohùn Ayàwòrán lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Ayàwòrán bá òun ya ẹnu ńlá kan. Ayàwòrán ò tilẹ̀ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi yà á: ètè, eyín, ahọ́n, ó tún fi itọ́ díẹ̀ kún un kó lè dùn ún wò.

"Ẹnu Há" ni Atawẹ́wẹ́ sọ géèmù náà. Ọ̀rọ̀ há sẹ́nu ọmọkùnrin kan, ẹni tó ń gbá géèmù á sì máa gbá a lórí títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́. Gbogbo ìgbà tó bá gbá a, ohùn Ayàwòrán gan-an ló ń jáde: "K-k-k..." Bó bá pẹ́ jù, aago á lù, ẹ̀rín á sọ. Atawẹ́wẹ́ tu ara rẹ̀ nínú pé ta ló tiẹ̀ mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ọ̀gá Pátápátá kọ ọ́ pé: "Èyí ni géèmù." Gúrúùpù gbóná. Atawẹ́wẹ́ jó nínú yàrá débi pé ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, rò pé aláǹgbá ló kó sí i láṣọ, ó sì gbé bàtà wọlé láti wá pa á.

Àmọ́ òfin gúrúùpù ni pé ẹni tó bá gbé géèmù jáde á gbé kóòdù rẹ̀ jáde pẹ̀lú, kí ẹlòmíì lè fi kọ́ṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè mú un, kó tún un ṣe, kó sì pín in. Wọ́n mú un lóòótọ́. Ẹnìkan dé ọmọkùnrin náà ní fìlà, ẹnìkan fún un ní irùngbọ̀n. Géèmù náà ń ti fóònù bọ́ sí fóònù títí ó fi wọ ilé-ìwé wọn, bí ewúrẹ́ tó mọ̀nà ilé.

Lọ́jọ́ ìdíje, Ayàwòrán wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ títí ó fi le. Ó gba gbohùngbohùn, ó mí sínú, ó mí síta.

"Ẹ káàsán o. Orúkọ géèmù wa ni Ológbò Orí Òrùlé."

Geere ló jáde. Tíṣà kọ̀ǹpútà fi àkísà tábìlì nu ojú. Ayàwòrán rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún la ẹnu, ìgbà yẹn ni fóònù kan ké láti ẹ̀yìn: "K-k-k..." Òmíràn gbè é lápá òsì. Kò pẹ́, ohùn Ayàwòrán ń ti gbogbo igun gbọ̀ngàn bọ̀, ẹ̀rín sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kò wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Atawẹ́wẹ́ ló yíjú sí, torí fóònù kan ṣoṣo ló gba ohùn yẹn sílẹ̀. Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ààyè ṣì wà fún un láti já gbohùngbohùn gbà kó ní òun lòun ṣe é, kí wọ́n dákẹ́. Bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. Ayàwòrán rọra gbé gbohùngbohùn sórí tábìlì, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó sì jáde.

Ẹ sì gbọ́ o, àwọn ló gbégbá orókè, torí ológbò wọn ló dára jù. Wọ́n pe ẹni méjì, ẹnìkan ló jáde. Pìrìǹsípà bọ Atawẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ó ní irú ọ̀rẹ́ báyìí ló yẹ kí gbogbo ọmọ ní. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Bó ṣe délé, ó pa "Ẹnu Há" rẹ́. Tirẹ̀ nìkan ló pa rẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ò ṣeé kó mọ́. Ó bẹ gúrúùpù, wọ́n fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ló bá pe Ọ̀gá Pátápátá, ẹni tí kò gbóhùn rẹ̀ rí. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, bí ẹni pé fóònù lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pàṣẹ kí wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Ohùn tó dáhùn tín-ín-rín bíi fèrè. Ohùn ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù padà tán ni.

"Àǹtí, ṣé èèyàn ni? Mo rò pé kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ ni."

Kí Atawẹ́wẹ́ tó lanu, obìnrin kan pariwo lẹ́yìn ọmọ náà pé omi ìwẹ̀ ti ń tutù, pé bó bá tún fọwọ́ kan fóònù òun, ẹgba ni. Fóònù pa. Ọba tó torí rẹ̀ ta ọ̀rẹ́ nù nìyẹn, wọ́n ti gbé e lọ wẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó gba ilé Ayàwòrán lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ onídìrí, ń dirun fún oníbàárà níwájú ilé. Inú rẹ̀ dùn láti rí i. Ó ní àbúrò òun ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìdíje, orí ló ń mì, ó sì ti lóun ò lọ ilé ìwòsàn mọ́. Kò sọ ohun tó ṣe é fún ẹnì kankan.

"Bá mi wọlé tọ̀ ọ́, ìyá mi," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìwọ nìkan ló fọkàn tán."

Atawẹ́wẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ayàwòrán wò ó.

"Mo t-t-ti..."

"O ti dárí jì mí," ni Atawẹ́wẹ́ bá a parí rẹ̀, tòun tomijé.

Ayàwòrán mi orí. Ó mí sínú, ó mí síta bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Mo ti gbọ́. Máa lọ."

Kò kólòlò níbì kan. Lóde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀, ó ju òòyà sílẹ̀, ó dì mọ́ Atawẹ́wẹ́, ó sì ń ṣàdúrà fún un pé yóò rí ẹni ṣe é lóore bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ má torí àtẹ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ ta ẹni tó fọkàn tán yín. Ohun tí ẹ bá jù sáàárín èrò, ẹ ò ní rí i kó padà. Ìdáríjì náà, ẹ̀bẹ̀ la fi ń tọrọ rẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti má fún wa.

Atawẹ́wẹ́ ṣì ń ṣe géèmù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya àwọn àwòrán inú rẹ̀ báyìí. Wọn ò dára.