Ẹni Tó Dúró Lójú Fèrèsé

N ò ní fi kún un, n ò sì ní yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe onírọ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ojú oorun.

Mú-un-dúró làwọn èèyàn ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹnì kan bá ya fídíò tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, òun ni wọ́n máa ń gbé e wá bá. Yóò gbé e sórí kọ̀ǹpútà, yóò sì mú un dúró. Yàrá kan nínú ilé ló fi ṣe ibi iṣẹ́. Ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé ibẹ̀ kí oòrùn má bàa kọ lu ojú kọ̀ǹpútà, nítorí náà, ilẹ̀ kì í mọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà, ayàwòrán ni. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni pé kó gbé kámẹ́rà àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró sójú títì, kó ya fọ́tò kan, kó gbé e síwájú ní ìṣísẹ̀ kan, kó tún ya òmíràn, títí yóò fi rin títì náà já. Bí wọ́n bá to àwọn fọ́tò náà tẹ̀ lé ara wọn, ìrìn wákàtí méjì á di eré ìṣẹ́jú kan, títì á máa sáré bọ̀ wá bá ẹni tó ń wò ó. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbé kámẹ́rà gbọ́dọ̀ balẹ̀.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Oṣù keje rèé tó ti ń gbọ̀n. Dókítà ní kò ní padà bọ̀ sípò. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nínú ilé, ìró ife tíì rẹ̀ lórí àwo ni àbúrò rẹ̀ fi ń mọ ibi tó wà: kẹ̀kẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n náà kó irinwó fọ́tò wá bá a. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé tuntun ló ní kó ya títì wọn.

"Wọ́n ní bí èyí bá tún gbọ̀n bíi tọjọ́sí, àwọn á wá ẹlòmíì. Aago mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ gbà á."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa mú un dúró."

"Ìwọ? Ìwọ tí màmá máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kó o tó lè jókòó jẹun?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Bí n ò bá ya àwòrán mọ́, kí ló tún kù fún mi?" ó wí, ó sì jáde lọ sí pálọ̀.

Mú-un-dúró jókòó. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ. Èèyàn á wá nǹkan kan tí kì í kúrò lójú kan nínú gbogbo fọ́tò náà, á fi àmì lé e, á wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé, ohunkóhun tó bá wù kó mì, èyí ò gbọdọ̀ mì. Ó gbìyànjú òpó iná. Ó yẹ̀. Ó gbìyànjú igi kan. Ewé rẹ̀ ń jó. Lẹ́yìn náà ló rí obìnrin náà.

Ní ìpẹ̀kun títì ni, níbi ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí. Lókè pátápátá, lójú ihò fèrèsé tí kò tíì ní férémù. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ó dúró. Nínú èyí tó pé igba, ó dúró. Nínú èyí tó kẹ́yìn, lẹ́yìn wákàtí méjì, ó dúró. Orí rẹ̀ kò yẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kò fẹ́.

"Ká ní gbogbo ayé rí bíi tìẹ ni," Mú-un-dúró sọ fún un, "ebi ì bá ti pa mí."

Ó fi àmì lé iwájú orí rẹ̀. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́.

Títì náà ń ṣàn bí òróró. Kò fò, kò gbọ̀n. Ó fẹ́ ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àfi bó ṣe ṣàkíyèsí pé ilé ti pa rọ́rọ́. Ife tíì ti dákẹ́.

Ó sáré jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Wọn ò gbọ̀n. Ó mú abẹ́rẹ́ lórí tábìlì, ó ki òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Wò ó! Àbúrò mi, wò ó!"

Omijé ń dà lójú rẹ̀. Tòun ti abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́, ó tẹ̀ lé e wọ yàrá láti wo iṣẹ́. Wọ́n wò ó tán.

"Ta nìyẹn?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Òun ni mo fi mú un dúró."

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ilé yẹn ni mo dojú kọ fún wákàtí méjì."

"Bóyá òṣìṣẹ́ wọn ni."

"Wọn ò tíì da dẹ́kìn tó máa jẹ́ ilẹ̀ òkè yẹn. Ògiri lásán ni. Kí ló máa fẹsẹ̀ tẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó fojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ó kàn dúró ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, "àbí ó ń dúró de èèyàn?"

Mú-un-dúró padà sídìí iṣẹ́. Àwòrán tí a bá mú dúró, etí rẹ̀ máa ń rí jágajàga. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kúrò, kí wọ́n sì sọ ìyókù di ńlá. Ó gé e. Obìnrin náà sún mọ́ wọn díẹ̀. Ó tún gé e. Ìgbà yìí ni wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ síwájú, bí ẹni tó gba ẹrù lọ́wọ́ èèyàn. Nínú gbogbo àwòrán náà, ọwọ́ méjèèjì yẹn nìkan ló ń gbọ̀n.

Mú-un-dúró mọ gbígbọ̀n náà. Oṣù méje ló ti ń wò ó.

Ó pa àmì náà rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ọwọ́ náà tún ti ń gbọ̀n.

"Dá a padà," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ò mọ ẹni tó ń bá yín gbé ẹrù yìí."

"Oṣù méje ni mo fi dá a gbé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá mi gbé e, kó gbé e. Mo bẹ̀ ọ́."

Láti kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ó dá àmì náà padà. Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sí pálọ̀ ni fóònù dún. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ó dán bíi dígí. Ṣùgbọ́n ta lobìnrin tó ń rìn bọ̀ láàárín títì yẹn?"

"Obìnrin wo, ọ̀gá?"

"Èyí tó na ọwọ́ sí wa. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò, kò jẹ́ ká rí ilé."

Mú-un-dúró ṣí fídíò náà. Fèrèsé òkè ṣófo. Títì náà ṣófo. Àmì tó fi lé iwájú orí obìnrin náà ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sí níbi tó fi í sí mọ́. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tó ń ya àwòrán máa ń dúró sí.

Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ìta dún. Kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń kanlẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bí ife lórí àwo.

"Ẹ dúró, mò ń bọ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn láti pálọ̀. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Mú-un-dúró fẹ́ ní kó má ṣí i. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ ọn lẹ́nu látọjọ́ nìkan ló jáde.

"Ẹ dúró!"

Bàtà náà dákẹ́. Ilẹ̀kùn náà dákẹ́.

Ó pẹ́ kó tó lè dìde nínú òkùnkùn yàrá yẹn. Ohun tó bá ní pálọ̀, kò sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo bi í pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́.

Ó wolẹ̀.

"Wọ́n dúró," ló wí, "wọn ò mì mọ́."

N ò mọ̀ bóyá "wọ́n" tí à ń lò fún àgbà ni, àbí "wọ́n" tí à ń lò fún èèyàn méjì. N ò sì bi í.